Ife ẹ̀yẹ kíríkẹ́ẹ̀tì tíìmù kejì: ta ló yẹ kó gbá a, báwo la sì ṣe ń ṣètò ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ wa lórí pápá. Apá Kent ni mò ń gbé, ọmọ mi obìnrin tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ló fà mí wọ kílọ́ọ̀bù àdúgbò wa, tíìmù kejì ló ń gbá fún báyìí, èmi ni mo sì ń bá wọn kọ sìkọ́ọ̀ ní Sátidé. Níbi ìpàdé ọdọọdún tí àwọn kílọ́ọ̀bù àgbègbè wa ṣe, wọ́n ní kí n wá jẹ́ akọ̀wé ife ẹ̀yẹ tuntun kan, tíìmù kejì nìkan, ẹni tó bá ti pàdánù á lọ sílé. Kílọ́ọ̀bù 13 ló ti forúkọ sílẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ pín 13, òjò ilẹ̀ yìí ẹ náà mọ̀ ọ́n, èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn kan ti ń sọ pé àwọn kílọ́ọ̀bù ńlá á máa kó ọmọ tíìmù kìíní wọn wá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé fún ẹ o. Ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù jù yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ dojú kọ, kó o tó yọ orúkọ kílọ́ọ̀bù kankan nínú báàgì. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìdíje ní gúúsù London níbí, nínú gbogbo ìjà tí mo ti bá wọn parí, ti òjò ò tó nǹkan, ìjà ta-ló-yẹ-kó-gbá-a ló pọ̀ jù. Ilé tí wọ́n bá fi itọ́ mọ, ìrì ló máa wó o. Ife ẹ̀yẹ tíìmù kejì tí ìwé òfin ẹ̀ ò bá sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ tíìmù kejì, láàárín ọdún kan sí méjì làwọn kílọ́ọ̀bù kéékèèké á ti yọwọ́.

Wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́rú ni, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀, àwọn ọmọ tíìmù ẹ ti ń dé, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá méjì, ẹnì kan tó ti ibi iṣẹ́ wá tí ò tíì bọ́ táì lọ́rùn. Ọkọ̀ kan wọlé, ọkùnrin tó gbá ọgọ́rùn-ún runs (àmì ayò) fún tíìmù kìíní wọn lọ́jọ́ Sátidé bọ́ sílẹ̀ tòun ti báàgì, ó ní òun kàn fẹ́ na ara díẹ̀ ni. Gbogbo bọ́ọ̀lù táwọn ọmọ yẹn bá jù sí i, inú igbó ẹ̀yìn pápá ni wọ́n á ti lọ máa wá a. Balógun tiyín á gbé ìwé òfin, á tú u títí, kò ní rí ọ̀rọ̀ kan tó kan ọkùnrin yẹn níbẹ̀. Ẹ ò lè lé e, torí ẹ ò sọ pé kó má wá. Ìyẹn sì dùn mí gan-an, torí tíìmù kejì ni ibi tí bàbá àtọmọ ti ń gbá pọ̀, ibẹ̀ lọmọ tó máa ń gbá ní ipò kẹsàn-án ní Sátidé ti lè rí àyè gbá ní ipò kẹrin, tá a bá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, kí la wá ń ṣe ife yẹn fún?

Ohun tí màá ní kó o ṣe nìyí. Kí kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan fi orúkọ èèyàn mẹ́fà tó jẹ́ òpó tíìmù kìíní wọn ránṣẹ́ sí ẹ kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, àwọn yẹn la máa ń fi ìràwọ̀ sí lórúkọ, wọn ò lè gbá ife yìí rárá, àní bó jẹ́ pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn látinú àìsàn tó sì fẹ́ fi tíìmù kejì dán ara ẹ̀ wò. Àmọ́ ìràwọ̀ nìkan ò tó o, torí àwọn kan á fi orúkọ ẹni tó ti kó lọ sí Australia sí i, tàbí ẹni tó ti kán lápá tí ò ní gbá títí ọdún á fi parí. Nítorí náà, fi èkejì tì í: ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá ju ìdajì eré líìgì tíìmù kìíní lọ títí di ọjọ́ eré yẹn, ilẹ̀kùn ti tì fún un. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ti pé eré mẹ́rin ó kéré tán, torí pé nínú oṣù karùn-ún líìgì lè má tíì ju eré méjì lọ, ọmọ tí wọ́n bẹ̀ pé kó wá dí àyè fún wọn lẹ́ẹ̀mejì á kàn ṣàdédé di ọmọ tíìmù kìíní lójú òfin. Kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé eré tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, a ò ní kà á. Àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi máa ń yọ wọ́n kúrò nínú òfin yìí pátápátá, kí ọmọ má lọ jìyà torí pé ó mọ̀ ọ́n gbá.

Kò ṣòro láti yẹ̀ ẹ́ wò, Play-Cricket, ìkànnì ECB, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ England àti Wales, wà níbẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tó gbá ní Sátidé ló máa ń wà lórí ẹ̀. Ìwọ náà tó ń kọ sìkọ́ọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì ti gbá fún kílọ́ọ̀bù kan nínú ife yìí, kò lè gbá fún òmíràn lọ́dún yẹn. Láti orí sẹmi (ìpele tó ṣáájú àṣekágbá) lọ, kí ẹni tó bá máa gbá ti gbá eré líìgì méjì fún tíìmù kejì wọn, kí wọ́n má baà lọ yá èèyàn wá ní ọjọ́ ńlá.

Kí àwọn balógun méjèèjì tó ju owó sókè fún toss, kí wọ́n ti fún ara wọn ní ìwé tí orúkọ èèyàn 11 wà lórí ẹ̀, kí wọ́n ya á ní fọ́tò, kí wọ́n jù ú sórí WhatsApp àwọn balógun. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, ó ní wákàtí 24 láti fi ímeèlì ránṣẹ́. Kí èèyàn mẹ́ta dá a, kí ọ̀kankan nínú wọn má sì jẹ́ ọmọ kílọ́ọ̀bù tó ń jà. Tí wọ́n bá rí i pé ẹni tí ò yẹ ló gbá, tíìmù tó mú un wá ti jáde nìyẹn, tíìmù tí wọ́n jọ gbá ló máa tẹ̀ síwájú. Má gbà kí wọ́n tún eré yẹn gbá o, torí ẹni tó fi èrú ṣe é ò ní pàdánù nǹkan kan nígbà yẹn.

Ó ku òfin kékeré kan tí mo fẹ́ràn fún ìpele ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá ti gbá 50 runs kó lọ jókòó, kí ẹlòmíì wọlé, tí àwọn yòókù bá jáde tán ló tó lè padà wá. Òfin kíríkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti MCC, kílọ́ọ̀bù London tó ń kọ òfin eré yìí, fúnra ẹ̀ ò gbà kí ẹni tó kàn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ jókòó padà wá àfi tí balógun tíìmù tí wọ́n jọ ń gbá bá gbà, torí náà kọ ọ́ sínú ìwé tìẹ kedere. Ní àṣekágbá, mú un kúrò, jẹ́ kí ẹni tó bá lè gbá ọgọ́rùn-ún gbá a.

Ọ̀rọ̀ 13 yẹn ò le rárá. Nọ́mbà tó kàn tó ṣe é pín sí méjì-méjì dé òpin ni 16, yọ 13 kúrò nínú ẹ̀, ó ku 3. Kílọ́ọ̀bù mẹ́ta yẹn máa rí bye, ìyẹn ni pé wọ́n á kọjá sí ìpele kejì láìgbá eré kankan, àwọn mẹ́wàá yòókù á gbá eré márùn-ún, àwọn márùn-ún tó bá yege á pàdé àwọn mẹ́ta, wọ́n di mẹ́jọ. Eré 12 ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́, torí eré kọ̀ọ̀kan ń lé ẹnì kan lọ sílé, èèyàn 12 ló sì gbọ́dọ̀ lọ. Yọ orúkọ ní gbangba, níwájú àwọn balógun, ìpele gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú ti mọ ẹni tó ṣeé ṣe kó pàdé. Àwọn márùn-ún tó bá kọ́kọ́ pàdánù, wá ife kékeré fún wọn náà tó o bá ráyè, kò dáa kí èèyàn sanwó kó wá gbá ìrọ̀lẹ́ kan péré.

Fi ọjọ́ ìparí sí ìpele kọ̀ọ̀kan kó o tó yọ orúkọ. Onílé ló gbọ́dọ̀ fún àlejò ní ọjọ́ méjì kó mú ọ̀kan, tí onílé ò bá fún un, àlejò ti wọlé nìyẹn, tí àlejò bá kọ méjèèjì, onílé ló wọlé. Má dá sí ọ̀rọ̀ "a ò tíì rí èèyàn" tí wọ́n á máa pè ẹ́ sí lálaalẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ wá ńkọ́? Over 20 (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú over kan) fún tíìmù kọ̀ọ̀kan máa gbà tó wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́fà, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó di aago mẹ́sàn-án. Ní ìparí oṣù kẹfà, nǹkan bí aago 9:20 loòrùn ń wọ̀ níhìn-ín, ìyẹn ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ní àárín oṣù kẹjọ, aago 8:20 ló ti wọ̀, ọmọdé ò sì gbọ́dọ̀ dúró de bọ́ọ̀lù pupa tó le nínú òkùnkùn. Torí ẹ̀, fi gbogbo ìpele tó jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ parí kí oṣù keje tó tán, kó o gbé àṣekágbá sí ọ̀sán Sọ́ńdè. Àwọn líìgì ìrọ̀lẹ́ kan máa ń gbá over 15 tó ní bọ́ọ̀lù mẹ́jọ-mẹ́jọ, bọ́ọ̀lù 120 náà ni, wọn kì í kàn fi àkókò ṣòfò lórí yíyí ẹ̀gbẹ́ padà tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà dáa.

Ní ti òjò, jẹ́ kí over márùn-ún fún tíìmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tó kéré jù tá a lè pè ní eré. Eré kúkúrú ò sọ eré di yẹ̀yẹ́, ní oṣù kìíní 2025 ní Sarawak, níbi ife àgbáyé àwọn ọmọbìnrin tí ò tíì pé ọdún 19, wọ́n gé eré Nàìjíríà àti New Zealand sí over 13, àwọn ọmọ wa gbá 65, àwọn yẹn gbá 63. Tí òjò bá dé nígbà tí àwọn tó gbá ṣìkejì lọ́jọ́ náà ń gbá lọ́wọ́, má kàn pín runs sórí over. Ká ní àwọn àkọ́kọ́ gbá 120 nínú over 20, àwọn kejì wá wà lórí 63 nínú over 10 ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́jọ ti jáde, tó o bá pín in, wọ́n ti borí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Duckworth-Lewis-Stern, ètò ìṣirò tí wọ́n ń lò nígbà òjò, máa ń ka wicket (iye ẹni tó ti jáde) mọ́ ọn, tí tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ sìkọ́ọ̀ bá lè ṣe é, ẹ lò ó. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ tún eré gbá lọ́jọ́ mìíì. Òfin òjò tí ò dáa ló sọ South Africa di ẹni tó ń wá 21 runs nínú bọ́ọ̀lù kan ní Sydney lọ́dún 1992, ní sẹmi ife àgbáyé.

Tí òjò bá tún ba ọjọ́ kejì jẹ́, kí èèyàn márùn-ún márùn-ún ju bọ́ọ̀lù sí igi mẹ́ta tí ẹnì kankan ò dúró sí. India àti Pakistan ṣe é ní Durban lọ́dún 2007 lẹ́yìn tí wọ́n ta ọ̀mì 141 sí 141, India gba igi lẹ́ẹ̀mẹta, Pakistan ò gbà á rárá. Ẹ lè ṣe é nínú gbọ̀ngàn pàápàá. Fún ọ̀mì lásán, ẹni tí wicket ẹ̀ kéré jù ló wọlé.

Tó o bá gbàgbé gbogbo èyí tí mo sọ, má gbàgbé ti àwọn ọmọdé. Ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ dé helmet tó bá ń fi igi gbá a. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ under-15 ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ igi àárín tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a ju yáàdì 8 lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù, under-13 yáàdì 11, àfi tí wọ́n bá wà lẹ́yìn igi mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ off (apá tí ẹni tó ń gbá a kọjú sí, tí kì í ṣe apá ẹ̀yìn ẹ̀). Iye over tí ọmọ tó ń jù ú kíákíá lè jù náà ní òfin tiẹ̀, wo èyí tó wà lórí ìkànnì ECB lọ́dún yẹn, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé òfin ẹ. Balógun tíìmù kejì tí ọkàn ẹ̀ ti wà lórí ife lè gbàgbé, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó wà nílẹ̀ fún un.

Umpire (adájọ́ eré) ńkọ́? Ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbá náà ni wọ́n á máa dúró, kò sọ́nà míì. Láti sẹmi lọ, fi owó ìforúkọsílẹ̀ san ti umpire méjì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, kó o sì gbé àṣekágbá lọ sí pápá kílọ́ọ̀bù tí ò sí nínú ẹ̀.

Kọ gbogbo ẹ̀ sí ojú ìwé méjì, kó má gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó o kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ibi tí ìwé yìí ò bá sọ̀rọ̀, òfin MCC ló máa ṣiṣẹ́. Fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fi ránṣẹ́ sí wọn, màá bá ẹ kà á, kí àwọn 13 sì ti fọwọ́ sí i kí oṣù kẹrin tó tán. Kí ọmọ wa obìnrin náà máa bá eré lọ o.