Ṣé mo lè pa Windows.old àti hiberfil.sys rẹ́ kí àyè lè wà lórí díráìfù C?

Bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì ṣeé pa rẹ́, ṣùgbọ́n má kàn wọ inú fódà lọ tẹ Delete.

Windows.old ni Windows àtijọ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí o gba tuntun. Windows fúnra rẹ̀ máa ń pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10. Bí o kò bá lè dúró, lọ sí Settings, System, Storage, Temporary files, kí o mú Previous Windows installation. O ò ní lè padà sí ti àtijọ́ mọ́ o, torí náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì rẹ kan há síbẹ̀.

Inú hiberfil.sys ni ohun tó wà nínú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ń lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wọ Hibernate, ìyẹn ni pé ó kú ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ rẹ pamọ́. Ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí o tẹ powercfg /h off. Lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 16 GB, ó lè dá nǹkan bí 6 GB padà fún ọ. Hibernate ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, Fast Startup (ohun tó ń jẹ́ kí Windows tètè tàn) náà á bá a lọ. Kọ̀ǹpútà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn. Èmi ò ka ìyẹn sí.

WinSxS (fódà tí Windows ń kó àwọn fáìlì ara rẹ̀ sí) ńkọ́? Má dán an wò! Tí o bá fọwọ́ pa á rẹ́, Windows lè má tàn mọ́.