Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́ Wọn Bí A Ṣe Ń Wọn Ìfúnpá Inú Ojú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìwádìí glaucoma (àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tí ìfúnpá inú ojú tó ga sábà máa ń bá rìn) lọ́dọ̀ yín, ẹ sì ń bèèrè bóyá jíìnì ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí jíìnì ṣì dúró ná. Lóòótọ́, ìwádìí GGLAD, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí jíìnì glaucoma, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lọ́dún 2019, tọ́ka sí jíìnì APBB2 lára àwa adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, wọ́n ti ní láti mọ ẹni tó ní àrùn yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní, ojú yíyẹ̀wò ló sì ń sọ ọ́.

Tonometer Goldmann, ẹ̀rọ tó ń fi orí prísìmù tẹ iwájú ẹyinjú láti wọn ìfúnpá, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lóṣooṣù, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá irin tó bá ẹ̀rọ wá yẹ̀ ẹ́ wò ní 0, 2 àti 6. Nọ́ńbà ara nọ́bù lọ́nà mẹ́wàá ni mmHg, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá: 2 jẹ́ 20. Bí wọ́n bá fi ọtí nu orí prísìmù, kó gbẹ pátápátá kó tó kan aláìsàn, torí ọtí tí kò tíì gbẹ a máa bó awọ iwájú ẹyinjú.

Fluorescein, oògùn aláwọ̀ tí a ń kán sójú kí a tó wọ̀n ọ́n, ló ń da ọwọ́ tuntun láàmú jù. Lábẹ́ iná búlúù, ààbọ̀ òrùka méjì ló máa hàn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Etí wọn ti inú ló gbọ́dọ̀ kan ara, kì í ṣe ti òde. Bí oògùn bá pọ̀, òrùka á nípọn, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá kéré, òrùka á tín-ín-rín, nọ́ńbà á wálẹ̀. Èémí dídì mú àti ọrùn ẹ̀wù tó fún a máa gbé e ga. Ìpéǹpéjú ńkọ́? Mọ́ eegun ni kí ẹ dì í mú, kì í ṣe mọ́ ẹyinjú.

Kí ẹni tó ń yí nọ́bù má rí nọ́ńbà o! Ẹlòmíì ni kó kà á, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dá nọ́bù padà sí 1. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé 18 ni àkọ́kọ́, 18 náà ni yóò máa wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ká wọ̀n ọ́n. Bí ìyàtọ̀ bá ju 2 mmHg lọ, ká wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ká mú ti àárín.

Kí wọ́n wọn sísanra kọ́níà, awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, pẹ̀lú. Nǹkan bí 520 máíkírónì ni Goldmann fi ṣírò. Kọ́níà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa mú kí ẹ̀rọ ka ìfúnpá sí kékeré, bẹ́ẹ̀ nínú Ocular Hypertension Treatment Study ní Amẹ́ríkà, kọ́níà aláwọ̀ dúdú fẹ́lẹ́ ju ti aláwọ̀ funfun lọ: máíkírónì 555.7 sí 579.0. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi tábìlì tún nọ́ńbà ìfúnpá ṣe nítorí sísanra kọ́níà. Kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí.

Níbi ìṣirò, ọgọ́rùn-ún èèyàn ní igba ojú, ṣùgbọ́n igba èèyàn kọ́ nìyẹn. Ojú ọ̀tún àti tòsì ẹnì kan jọ ara wọn, ẹni tó bá kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á rí àbájáde tó dà bíi pé ó dájú, tí kò sì dájú. Kí wọ́n ti kọ ojú tí wọ́n máa lò sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n lo lme4 nínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, kí wọ́n so ojú méjèèjì mọ́ ẹni tó ni wọ́n.

Kí ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀yin àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ẹ wọn ọgbọ̀n aláìsàn kan náà, láìrí ìwé ara yín. Ẹ máa gba ipò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ara yín, torí bí a bá ń tẹ ojú léraléra, ìfúnpá rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń ṣe kejì nígbà gbogbo á dà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ka kékeré.