Kí ni ìtumọ̀ "oníbodè", ṣé ó sì bá ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì mu?

Ẹ ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì ọmọ yín pe àwọn purotéènì tó ń mú èròjà bíi pọ̀tásíọ̀mù gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá ní "oníbodè", ẹ wá ń bi mí bóyá ó bá a mu.

Ó bá a mu gan-an ni. Nígbà tí odi ṣì yí ìlú ká, oníbodè ló ń jókòó sẹ́nubodè, tó ń wo ojú àlejò, tó ń wo ẹrù, tó sì ń gba owó ibodè. Àwọn aṣọ́bodè tó ń yẹ ẹrù wò ní Ìdìrókò lónìí, orúkọ yẹn ni wọ́n jogún. Iṣẹ́ oníbodè ju pé kó ṣílẹ̀kùn lọ: ó gbọ́dọ̀ dá èèyàn mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fara mọ́ olùkọ́ yẹn. Ẹlòmíì á ní asẹ́ ni ká fi wé e. Ẹ wo ẹni tó ń sẹ́ ògì: èyí tó kúnná ń bá omi jò sísàlẹ̀, èérí ń kù lókè. Bó bá jẹ́ pé asẹ́ ni, sódíọ̀mù inú iyọ̀ ì bá máa rọra kọjá níbi tí pọ̀tásíọ̀mù inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń kọjá, torí sódíọ̀mù ló kéré jù. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Pọ̀tásíọ̀mù tó lé ní 1,000 lè kọjá kí sódíọ̀mù kan ṣoṣo tó rí ọ̀nà yọ́ gbà.

Omi ni aṣọ lára pọ̀tásíọ̀mù. Ó rọ̀gbà yí i ká. Ọ̀nà inú purotéènì náà há débi pé ó gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ yìí kó tó wọ ibẹ̀. Àmọ́ àwọn ọ́síjìn tò sára ògiri ọ̀nà náà, wọ́n sì sún mọ́ ọn gẹ́lẹ́ bí ọ́síjìn inú omi ṣe sún mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń bọ́ aṣọ kan ló ń wọ òmíràn. Sódíọ̀mù kéré, aṣọ inú ọ̀nà yẹn kò bá a lára mu. Tòun ti aṣọ omi rẹ̀, kò sì lè gba ibẹ̀. Ó dúró síta. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Roderick MacKinnon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi àwòrán ọ̀nà yìí hàn ní 1998, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003.

Owó ibodè ńkọ́? Pọ̀tásíọ̀mù kì í san án níbí. Oníbodè mìíràn wà tó ń ti sódíọ̀mù 3 jáde, tó ń fa pọ̀tásíọ̀mù 2 wọlé. ATP kan, èròjà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára, ló ń ná nígbà kọ̀ọ̀kan.

Irin inú oúnjẹ náà ní oníbodè tirẹ̀. Irin inú ẹ̀fọ́ sábà máa ń jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní Fe³⁺, àmọ́ oríṣi kejì, Fe²⁺, ni DMT1, oníbodè inú ìfun, ń gbà. Ọsàn tí a mu mọ́ oúnjẹ ń ran ara lọ́wọ́ láti yí i padà sí Fe²⁺. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n lè tan DMT1 jẹ: òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, náà a máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí irin bá wọ́n lára ọmọdé, ara a máa fi kún àwọn oníbodè yìí, kí ìwọ̀nba tó bá dé má bàa ṣòfò. Bí ọmọ náà bá wá fi ọwọ́ tó kan eruku olójé sẹ́nu, òjé ni gbogbo ẹnu ọ̀nà tuntun wọ̀nyẹn ń ṣí fún.