Etí ewé ni kí ẹ wò kí ẹ tó pè é ní etí erin

Ìbéèrè: Ewéko kan tí ewé rẹ̀ rí bí idà wà níwájú ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ọ̀rẹ́ mi ní etí erin (aloe vera) ni, pé kí n máa fi oje rẹ̀ pa ojú. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má fi pa ojú o! Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, àwọn tó sì ń fi fídíò tan irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kálẹ̀ kì í sí nítòsí nígbà tí ara bá lé ròrò.

Etí erin kì í ṣe ọmọ bíbí aṣálẹ̀ Sonora tí Tucson wà. Apá Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ó ti ṣẹ̀ wá, èyí tí ẹ bá sì rí ní Arizona, ènìyàn ló gbìn ín. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣì pè bẹ́ẹ̀ ni agave, tí oje rẹ̀ ní àwọn ègé èròjà kálísíọ́ọ̀mù (calcium oxalate) tíntìntín tó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí í gún awọ ara títí yóò fi máa yúnni, tí yóò sì pọ́n. Ewé etí erin rọrùn láti ṣẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ kò sì le. Ti agave kún fún fọ́nrán, nítorí ara ẹbí rẹ̀ kan ni a ti ń rí okùn sisal, ẹ̀gún líle kan ló sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Etí erin a máa tanná lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n agave lè lo ọdún 10 sí 30 kí ó tó tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì kú.

Ní ti àwọn ewéko aṣálẹ̀ yòókù tí ewé wọn rí bí idà, ìyẹn yucca, sotol àti nolina, etí ewé ni kí ẹ wò. Ewé yucca kò nípọn, fọ́nrán funfun bí òwú sì máa ń ká kúrò létí rẹ̀. Sotol ní eyín tó tẹ̀ bí ìwọ̀ létí méjèèjì, ṣóńṣó rẹ̀ sì fọ́n bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Nolina dà bí koríko lásán, àmọ́ etí rẹ̀ rí bí ayùn, ó sì lè gé ọwọ́. Èyí tó máa ń dààmú àwa gan-an alára ni Agave schottii orí òkè Tucson, tí kò ní eyín, tó sì ní fọ́nrán funfun bíi ti yucca. Òdòdó rẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè ló ń tú u fó, nítorí funfun ni ti yucca.

N kò rí ewéko yín, nítorí náà n kò lè búra lórí orúkọ rẹ̀. Bí oje náà bá ti kàn yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Bí ó bá kan ẹyinjú, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.