Ẹ Má Tíì Gbẹ́ Adágún Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé wa ti parí, a sì ti ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ gan-an, ó sì rọra ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sápá ilé. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ tó pójú owó: adágún ìlúwẹ̀ẹ́, yàrá ìdáná ìta, àtíbàbà tí èèyàn mẹ́jọ lè jókòó jẹun lábẹ́ rẹ̀, àti iná ọgbà káàkiri. Igi ńlá kan wà níbẹ̀ tí a ò fẹ́ gé. Agbaṣẹ́ṣe wa ní ká kọ́kọ́ gbẹ́ adágún, pé ìyókù á máa tẹ̀ lé e. Owó wa ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? — Ìyàwó Onílé

ÌDÁHÙN: Ìyàwó Onílé, mo kí yín, mo kí ọkọ yín náà. Ẹ bá mi sọ fún agbaṣẹ́ṣe yín pé kó dá katakata rẹ̀ dúró ná.

Mi ò ní adágún ò dáa. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tó jù ú lọ, ẹ sì sọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan: ẹ ní ilẹ̀ yín ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sápá ilé. Lónìí tí òjò bá rọ̀, koríko àti yẹ̀pẹ̀ ń mu nínú rẹ̀ kó tó dé ìdí ògiri. Lọ́jọ́ tí ẹ bá to òkúta sórí ilẹ̀ yẹn, kò ní mu mọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ to òkúta sí ibi tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, tí òjò ìwọ̀n mìlímítà 50 sì rọ̀ sí i, 5,000 lítà omi nìyẹn, ọ̀dọ̀ yín ló sì ń bọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò la ti katakata lọ. Ní ọjọ́ tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ gbé agboòrùn, ẹ jáde sẹ́yìnkùlé, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà àti ibi tó ń dárogún sí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ wọn bí ilẹ̀ ṣe ga sí, kó yà á sórí ìwé, pẹ̀lú ibi tí páìpù omi, wáyà abẹ́ ilẹ̀ àti sókàwéè wà. Orí ìwé yẹn ni kí ẹ ya gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sí, títí kan èyí tí owó rẹ̀ ò tíì sí. Ẹ lè kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yà á díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ́ lẹ́bàá ilé gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí ilé, kó máa fi sẹ̀ntímítà 2 relẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òkè ti kọjú sí yín, ẹ fi gọ́tà onírin alásẹ́ dábùú rẹ̀, kó gba omi náà, kó sì darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Bí ẹ bá gé òkè náà tí ẹ mọ ògiri dí i, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ògiri, kí ẹ sì fi páìpù oníhò sídìí rẹ̀. Omi tó há sẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló máa ń tì í wó. Tó bá ti ju mítà kan lọ sókè, iṣẹ́ ẹnjiníà ni, kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe yín.

Ẹ jẹ́ kí n gbe agbaṣẹ́ṣe yín níbì kan o. Iṣẹ́ tó wúwo ló yẹ kó ṣáájú lóòótọ́. Adágún tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tó sì jìn ní mítà kan ààbọ̀ á hú yẹ̀pẹ̀ tó tó mítà onígun 75. Yẹ̀pẹ̀ tí a bá sì ti hú máa ń wú. Ẹ fi bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un, ó ti lé ní 90. Níbo ni wọ́n ń kó o lọ? Ibo ni típà ń gbà wọlé? Tí ẹ bá ti fi òkúta olówó ńlá tẹ́ ẹnu ọ̀nà, típà á fọ́ ọ. Kí agbaṣẹ́ṣe yín dáhùn ìbéèrè méjì yẹn kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ní ti owó tí kò tó, ohun kan wà tí mi ò lè fi ṣeré: kí wọ́n tó to òkúta kankan, ẹ ri páìpù òfìfo mọ́lẹ̀ láti ara ilé dé gbogbo ibi tí iná, omi tàbí gáàsì á nílò láti dé lọ́jọ́ iwájú. Ti iná lọ́tọ̀, ti omi lọ́tọ̀. Ẹ fi okùn sínú rẹ̀ tí wọ́n á fi fa wáyà, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Kò sí ohun tó pọ́ọ́kú tó o nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni wíwú òkúta lọ́dún tó ń bọ̀ nítorí wáyà kan ṣoṣo, inú ló ń bani jẹ́.

Tèmi ni pé kí ibi ìjókòó yín kọ́kọ́ parí, kí adágún tẹ̀ lé e nígbà tí owó bá dé, bí ọ̀nà típà bá ti wà nílẹ̀ dè é. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa jókòó; a kì í lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ bu ẹfun, ẹ fi fa ìlà ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé tábìlì àti àga mẹ́jọ jáde, kí èèyàn jókòó sí gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan wá gbé àwo kọjá lẹ́yìn wọn. Àga nílò bíi sẹ̀ntímítà 90 lẹ́yìn láti tì jáde. Ibi tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì gùn ní mítà 5, ni mo máa ń fún èèyàn mẹ́jọ. Ohun tó bá kéré sí i, ẹnì kan á máa dìde kí ẹlòmíràn tó kọjá. Kí ẹ jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gba abẹ́ òrùlé wọlé, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn ni àtíbàbà yín ti nílò aṣọ tàbí pákó tó ń dí i.

Yàrá ìdáná ìta, ẹ má gbé e jìnnà sí ti inú ilé, kí èéfín má sì máa fẹ́ bá àwọn tó jókòó.

Igi yẹn wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi ò jìn ju sẹ̀ntímítà 60 lọ, ó sì máa ń tàn kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Kí típà kankan má gba abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì kó yẹ̀pẹ̀ adágún jọ sídìí rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ki mọ́ gbòǹgbò kì í jẹ́ kó mí. Igi náà ò ní kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọdún mélòó kan kó tó gbẹ, agbaṣẹ́ṣe á sì ti gba owó rẹ̀ lọ. Ẹ fi èèkàn àti pákó yí i ká kí típà àkọ́kọ́ tó dé.

Bí ẹ bá sì wá gbẹ́ adágún, ọgbà tó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán ni kó yí i ká, pẹ̀lú géètì tó ń pa ara rẹ̀ dé. Èyí ò ní àríyànjiyàn nínú, bí ẹ ò tilẹ̀ ní ọmọ kékeré nílé. Àlejò ń bímọ.

Kí ẹ sì fi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín pamọ́ fún ohun tí ilẹ̀ bá hú jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, táìlì dúdú tó ń dán gbinrin ni ìyàwó mi yàn fún etí adágún wa. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ̀rọ̀. Kí lẹ rí sí i? — Ọkọ Oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ gba táìlì kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, kí ẹ gbé e sínú oòrùn láti òwúrọ̀. Tó bá di ọ̀sán, kí ìyàwó yín fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bu omi sí i, kí ẹ̀yin fi ẹsẹ̀ tiyín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ di nǹkan mú o. Èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ ló yẹ etí omi. Bí dúdú náà bá ṣì wù wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.