Èsì fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà fẹ́ gba orí òkun lọ sí São Tomé

Ìyá wa tó wà ní Àgbádárìgì, ẹ kú àìsùn o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ọmọ yín obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ti ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù, wọ́n sì ní àwọn máa wà á láti Èkó dé São Tomé, erékùṣù tó wà láàárín òkun lápá Gabon, tó bá di oṣù Kejìlá, ẹ wá ń bèèrè pé ṣé kẹ́ ẹ lọ bá àwọn àna yín kí gbogbo yín jọ pàṣẹ fún wọn, àbí kẹ́ ẹ mójú kúrò. Àyà mi já. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa níbí ní Ìkòròdú, ọmọ mi ọkùnrin ni tèmi, oyún ìyàwó rẹ̀ sì ti tó bí nígbà yẹn.

Kí n tètè sọ eléyìí, àṣẹ ò lè dá wọn dúró. Àwa náà pe ìpàdé ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wá láti Ṣàgámù, pásítọ̀ náà wá, ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wa, ó ní òun ti gbọ́, ó sì lọ. Ọmọ tó ti ń san owó ilé ara ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lèèyàn ń bẹ̀ ẹ́.

Tema ní Gánà lọmọ tèmi ń lọ, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Bí ẹ bá bi apẹja Ìlàjẹ èyíkéyìí, á sọ fún yín pé omi òkun wa máa ń fà lọ sápá ìlà oòrùn, òun làwọn oyìnbó ń pè ní Guinea Current, gúúsù ìwọ̀ oòrùn sì ni atẹ́gùn ti sábà máa ń wá, torí náà ẹni tó bá kúrò l'Ékòó tó kọjú sí Gánà, omi ń fà á sẹ́yìn, atẹ́gùn ń dojú kọ ọ́, àfi kó máa gé sọ́tùn-ún gé sósì kó tó lè rí ọ̀nà lọ. Wọ́n wá gbọ́kàn lé íńjìnnì. Íńjìnnì sì kú sójú òkun. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, torí kò sí ìkankan nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ ọkọ̀ tó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa: tí íńjìnnì irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ bá kú, òun nìkan kọ́ ló kú o, torí òun ló ń ṣájì bátìrì, bátìrì yẹn ló gbé rédíò, òun ló gbé GPS, òun ló gbé iná tí ọkọ̀ ńlá máa fi rí wọn lóru kó má baà gùn wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á máa kú tẹ̀ léra wọn ni. Fóònù tá à ń lò lọ́wọ́ yìí ńkọ́? Kí ọkọ̀ ṣáà ti jìnnà díẹ̀ sí etíkun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ọyẹ́ tún mú gan-an lásìkò yẹn, eruku bo ojú ọ̀run, wọn ò rí ilẹ̀ débi tí wọ́n á mọ ibi tí wọ́n wà.

Àwa tá a wà nílé ò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí. Ọjọ́ tó ní òun máa pè kọjá, òmíràn tún kọjá, ìyàwó ẹ̀ ò jẹun mọ́. Ni èmi àti bàbá wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọ́fíìsì. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan, àmọ́ inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ní èyí tá a kọ́kọ́ dé, wọ́n ní ká kọ orúkọ wa sínú ìwé lẹ́nu géètì, wọ́n fi wá jókòó títí oòrùn fi wọ̀, kí wọ́n tó wá sọ fún wa pé àwọn kọ́ ló ni irú ẹjọ́ yẹn. Òmíràn, ọ̀gá ibẹ̀ gbé bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: kí lorúkọ ọkọ̀, àwọ̀ wo ni ara ẹ̀, àwọ̀ wo ni ìgbòkun, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mélòó, ṣé ó ní rédíò, èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀, omi mímu mélòó ni wọ́n gbé, ibo ni wọ́n máa yà sí tí nǹkan bá bàjẹ́. Mo ní funfun ni ọkọ̀ náà sà. Ó pa ìwé dé. Ó ní òkun tóbi, mélòó ni ọkọ̀ funfun tó wà níbẹ̀. Ó tún ní èmi kọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n pè, ìyàwó ni àwọn fẹ́ rí, la bá lọ gbé aboyún tó ti wọ oṣù ẹ̀ láti Ìkòròdú nínú gosiló ọ̀nà Mile 12, kó lè wá fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn ìyẹn lẹnì kan tún ní ká mú owó epo wá kí ọkọ̀ tó lè jáde lọ wá wọn. A mú un wá. Ọkọ̀ kankan ò jáde. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ wà lójú omi ni wọ́n ń ṣe báyẹn fún!

Àwọn apẹja tó wá láti Kùtọnú ló rí wọn, tí wọ́n fà wọ́n wọlé. Ó yè, ara ẹ̀ bó, ó rù, ìyàwó ẹ̀ sì bímọ láìpẹ́ sígbà yẹn. Ọlọ́run ló ṣe é.

Nítorí náà, Ìyá wa, gbogbo ìbéèrè tí ọ̀gá yẹn bi mí, ẹ gba ìdáhùn wọn lọ́wọ́ ọmọ yín nísinsìnyí, lórí ìwé, pẹ̀lú fọ́tò ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n á gbéra, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, ìgbà tí wọ́n á máa pè, àti wákàtí tí ẹ máa dúró mọ lẹ́yìn tí wọn ò bá pè kẹ́ ẹ tó figbe ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ yín àti ti àna yín síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n á pè sí, torí tọkọtìyàwó ló jọ ń lọ, ta ni ìjọba fẹ́ pè nígbà tí àwọn méjèèjì wà nínú ọkọ̀ kan náà?

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ EPIRB, òun ló ń ké gbàjarè tí ọkọ̀ bá wà nínú ewu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbéra láìsí i, ẹ bá wọn dá owó ẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò nílò bátìrì ọkọ̀, ó ní tiẹ̀ nínú tó lè gbé e fún wákàtí 48 ó kéré tán, 406 MHz ló fi ń ké sí sátẹ́láìtì, tó bá jẹ́ àdúgbò wa ló ti dún, NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí pàjáwìrì, l'Ábùjá ni ọ̀rọ̀ náà ń balẹ̀ sí, NIMASA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, náà sì ní ibùdó tó ń darí ìwákiri lójú òkun ní Èkó. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín. Tó bá jẹ́ pé ó bá ọkọ̀ àlòkù yẹn wá ni, orúkọ ẹni tó tà á ló ṣì máa wà níbẹ̀, òun ni wọ́n á máa pè nígbà tọ́mọ yín ń rì. Kí wọ́n yẹ ọjọ́ tí bátìrì ẹ̀ máa parí wò pẹ̀lú. Ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí sọ fọ́mọ mi pé etíkun lásán ló ń gbà, pé kó má fowó ṣòfò lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sá fún irú wọn.

São Tomé kì í ṣe Gánà o. Láti Èkó ó lé ní 400 máìlì òkun, tí ọkọ̀ bá ń sáré máìlì márùn-ún ní wákàtí kan, ọ̀sán àti òru mẹ́ta ó lé ni, ìyẹn tí atẹ́gùn bá wà, torí bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, atẹ́gùn lè kú pátápátá níbẹ̀, ó tún di ọ̀rọ̀ íńjìnnì. Èèyàn méjì péré! Tí ọ̀kan bá ń sùn, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lókè lóru, tíyẹn bá já bọ́ sómi ta ló máa gbọ́? Kí wọ́n máa fi okùn so ara wọn mọ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà lókè, kí wọ́n sì wá ẹnì kẹta tó ti sùn lójú òkun rí. Àwọn kan ní Lagos Yacht Club, tó ti wà láti 1932, mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa, kí wọ́n bá wọn yẹ ọkọ̀ náà wò, àmọ́ kí wọ́n má fi èyí tí wọ́n mọ̀ nínú ọ̀sà ka òkun.

Àwọn ajalèlókun náà ńkọ́. Lọ́dún 2020, nínú 135 òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé lójú òkun kárí ayé, apá ọ̀dọ̀ wa yìí ni wọ́n ti jí 130. Ní oṣù Kíní 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Mozart kúrò l'Ékòó, ó ń lọ sí Cape Town, kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ São Tomé tí wọ́n fi wọ inú ẹ̀, wọ́n pa ẹnì kan, wọ́n kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó ti dínkù gan-an látìgbà yẹn, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ọmọ yín gan-an nìyẹn. Kí wọ́n má gbé ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra sórí Facebook rárá.

Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá pẹ́, ẹ má gbé nọ́ńbà yín síta. Àwa gbé e, kíá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè, wọ́n láwọn rí ọmọ wa ní ọsibítù kan, ká fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Wòlíì kan náà gba tiẹ̀.

Ẹ bi mí nípa àwọn àna. Ẹ lọ bá wọn, ẹ má fi falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti pàṣẹ. Ẹ lọ kí ìwé kan náà lè wà nílé yín àti nílé wọn. Lọ́dọ̀ wa, àwọn òbí ìyàwó ò mọ nǹkankan títí a fi sọ fún wọn pé a ò rí i, wọ́n ní a fi ọmọ àwọn sílẹ̀ láti di opó, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nínú wọn dòní, ọmọ ọmọ sì ti ń rìn.

Ẹ bi wọ́n lónìí irú íńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ náà, bó ṣe pẹ́ tó, àti bóyá wọ́n ní sólà tó lè ṣájì bátìrì láìsí íńjìnnì. Ẹ kọ ìdáhùn wọn síbí. Ọmọ mi ló ń tún irú íńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe báyìí, mo ti sọ fún un, ó ní òun máa kà á lálẹ́ ọ̀la.