Àfojúsùn ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀: ka ìṣísẹ̀, má ka orí ẹran

Àrínpa o, àbúrò. O ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, ìgalà 3 àti ẹtu 10 lo fẹ́ pa láyìíká Ẹ̀pẹ́, pé o fẹ́ ra iná orí tuntun, o sì fẹ́ wọ igbó ọba, igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, lápá Ìjẹ̀bú lọ dánra wò. Ti igbó ọba, yọ ọ́ kúrò: ẹni tí kò gba àṣẹ kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Iye ẹran náà, pa á rẹ́. Kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni bí ìbọn rẹ ṣe ń tú ọta, ibi tí o máa jókòó sí, àti rírí gbogbo ẹran tí ìbọn rẹ bá bà.

Ìbọn la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, kí òjò tó dá, wá pálí firíìjì 4. Fa òbìrí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ìwọ̀n àyà ìgalà nìyẹn, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Gbé e síwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀ gíga, kì í ṣe síwájú ọ̀nà oko ẹnikẹ́ni, torí ọta SG, katiríìjì tí ọta inú rẹ̀ tóbi, ṣì lè ṣe èèyàn léṣe ní mítà 300 àti jù bẹ́ẹ̀. Gbé ìbọn lé àpò iyanrìn kí ọwọ́ rẹ má bàa gbọ̀n. Yin katiríìjì kan ní ìṣísẹ̀ 15, òmíràn ní 20, ní 25, ní 30, pálí tuntun fún ìkọ̀ọ̀kan. Wá ka ihò. Ọta inú SG kì í sábà ju 9 tàbí díẹ̀ lé lọ. Níbi tí ọta 5 kò bá ti wọ inú òbìrí mọ́, ibẹ̀ ti jìnnà jù fún ìbọn rẹ, kò sí ẹ̀bẹ̀ ńbẹ̀. Tún yọ ìṣísẹ̀ 5 kúrò fún òru, torí ojú ẹran tó ń tàn nínú iná máa ń tan ọdẹ jẹ, á dà bíi pé ẹran sún mọ́ ọn. Fi ọ̀bẹ gbẹ́ iye tó kù sí ìdí ìbọn. Bí o bá pààrọ̀ irú katiríìjì, ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́, tún un ṣe.

Fún ẹtu, SG kò dáa. Ẹran náà kéré, àlàfo àárín ọta lè gbà á kọjá láìfọwọ́ kàn án, tàbí kí ọta kan ṣoṣo bà á nítan kó sì sá lọ kú sí irà. AAA tàbí BB, tí ọta inú wọn kéré tó sì pọ̀ ju ti SG, ni kí o lò.

Bó bá jẹ́ ṣakabùlà lo ń lò, ohun tó ń fọ́ ìbọn mọ́ ọdẹ lójú ni kíkì í lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ti ọ̀pá ìkìbọn bọnú ẹnu ìbọn nígbà tó ṣófo, fi ọ̀bẹ sàmì sí i ní ẹnu ìbọn. Wá ki ìbọn náà bó ṣe yẹ, tún sàmì kejì. Látìgbà náà, kí o tó da ẹ̀tù sí i, ọ̀pá á sọ fún ọ bóyá nǹkan ti wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n ẹ̀tù kan náà ni kí o máa lò, má fojú bù ú. Má ki ìṣó tàbí irin fífọ́. Ọ̀rinrin ọ̀sà wa níhìn-ín ń wọ ẹ̀tù kíákíá, inú ìgò tó dé pinpin ni kó máa wà, kó jìnnà sí ààrò.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni kí o mú, kí o mọ̀ ọ́n bí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ. Apá tí o mẹ́nu bà, láti ìlú Odò Ayándélù lọ sókè, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni àwọn onílé ti fi wáyà yí ká, ibi tí ẹran ń gbà lésìí lè ti di ògiri. Fi ọ̀sán rìn ín. Wá ibi tí àgbálùmọ̀ ti ń já láti oṣù kejìlá lọ, torí ẹtu kì í kúrò lábẹ́ rẹ̀, àti etí oko ẹ̀wà tó bá odò. Níbi tí yàrà Erédò, kòtò ńlá àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, bá gba ilẹ̀ rẹ kọjá, so aṣọ funfun mọ́ igi létí rẹ̀. Ó jìn tó mítà 20 níbòmíràn, kò sì sí iná orí tó ń fi ihò han ẹni tó ń wo iwájú.

Bí o bá ń gẹ̀gùn, tí o jókòó sórí igi de ẹran, afẹ́fẹ́ ṣe pàtàkì ju gíga igi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ òkun ń ti gúúsù wá. Bí o bá jókòó sí gúúsù ọ̀nà ẹran, òórùn ara rẹ ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àríwá ni kí o wà. Tó bá di ọ̀gànjọ́, ó lè yí padà, nígbà ọyẹ́ sì rèé, ìlà-oòrùn àríwá ló ti ń fẹ́. Mú eérú díẹ̀ sínú àpò kékeré, máa fọ́n ọn wò. Nígbà tí ìgalà bá gbó bí ajá, ó ti gbóòórùn rẹ, máa lọ sílé.

Lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, má sáré. Ibi tí ẹran dúró sí ni kí o kọ́kọ́ lọ wò. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni, dúró ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀jẹ̀ tó dúdú tó sì ki, ẹ̀dọ̀ ni, fún un ní wákàtí 2. Bó bá jẹ́ omi ewé tó ń rùn, ikùn ni: wákàtí 4 sí 6, bí o bá sì lé e ṣáájú, á dìde, á wọ irà, o ò ní rí i mọ́. Ooru wa níbí kò sì ní jẹ́ kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ dùn ún tà ní ọjà Olúwo. Ẹ̀yìn apá ẹran ni kí o máa yìnbọn sí, bí ẹran kò bá fẹ̀gbẹ́ hàn, jẹ́ kó lọ. Máa so tíṣù mọ́ ewé níbi tí o bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kí o lè wẹ̀yìn wo apá ibi tó kọrí sí. Akọ ìgalà tó gbọgbẹ́ máa ń yíjú, ìwo rẹ̀ kì í ṣeré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o gbà dé ibẹ̀, fi ọ̀pá gígùn kan ojú rẹ̀. Bó bá ṣẹ́jú, kò tíì kú.

Abo ìgalà kì í ní ìwo. Ó ń gbé oyún bí oṣù 6, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí, tó ń fi pamọ́ sínú igbó. Bí o kò bá rí ìwo, fi í sílẹ̀. Ti ẹtu yàtọ̀, akọ àti abo lè hù ú, ìwo rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ọ.

Iná tuntun, rà á, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìbọn ni kí o kọ́kọ́ náwó lé, títí kan ti ṣakabùlà. Ojú ewúrẹ́, ajá àti màlúù náà ń tàn lóru, ọdẹ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ sì tún gbé iná sórí bíi tìrẹ. Títí o fi máa rí ọrùn àti èjìká ẹran, ìka rẹ kò gbọdọ̀ kan ohun tí a fi ń yin ìbọn.